Awọ́pa Ẹ̀yìnkùlé Wa

“Dúró, n kò tíì sọ̀rọ̀ tán.”

Báyìí ni Ìyá àgbà wí, ṣùgbọ́n èmi ò kúkú lè dúró. Aago méje ti lù, aago méje ààbọ̀ ni wọ́n máa ń ti géètì ilé-ìwé wa, ẹsẹ̀ mi kan sì ti wà lójú ọ̀nà, ìkejì ló kù lábẹ́ igi. Ìyá àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, wọ́n ń fi ọ̀bẹ ṣí èèpo igi awọ́pa tó wà lẹ́yìnkùlé wa, wọ́n ń rọra ṣe é bí ẹni tó ń bọ́ aṣọ lára ọmọ tuntun. Ibà ló dá ọmọ ilé kejì dùbúlẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti gbé abọ́ wá tọrọ èèpo.

“Wo ibí, Hàmdálátù. Àtẹ́lẹwọ́ kan péré ni à ń gé.” Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé ara igi náà kí n lè rí i. “Lọ́dún yìí, ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ti ń yọ la gé. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ẹ̀gbẹ́ tó ń wọ̀ sí. Ibi tí a gé lákọ̀ọ́kọ́ á ti san nígbà náà. Ohun tí o kò gbọ́dọ̀ ṣe láéláé sì ni pé...”

“Ìyá àgbà, mo ti gbọ́! Àtẹ́lẹwọ́ kan! Wọ́n á tì mí mọ́ ìta o!”

“Dúró, n kò tíì sọ̀rọ̀ tán.”

Mo ti dé ìdí kànga nígbà yẹn. Mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn mi, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Bí ẹ bá ti rí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì lábẹ́ tábìlì títí tí olùkọ́ fi pariwo mọ́ ọn, èmi nìyẹn. Àwọn òbí mi ń ta obì ní Ṣàgámù. Wọ́n ní nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjì, mo da apẹ̀rẹ̀ obì mẹ́ta nù lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mo sì tún ń wá ìkẹrin. Nígbà tí mo wọ ọdún kẹrin ní girama, wọ́n kó mi wá sọ́dọ̀ Ìyá àgbà ní Ìsarà, wọ́n ní bóyá ara mi á balẹ̀. Ara tí kò balẹ̀ ní Ṣàgámù, ṣé Ìsarà ni yóò ti wá balẹ̀? Mo kàn ń bá a lọ bí mo ṣe ń ṣe ni.

Igi awọ́pa yẹn kì í ṣe igi lásán nílé wa. Bàbá àgbà ló ṣán igbó ibẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé. Ó gé gbogbo igi tó kù, ó dá awọ́pa sí nítorí ìyàwó rẹ̀ tí ibà máa ń dà láàmú. Ó ti kú kí bàbá mi tó mọ̀wé kọ. Kò ní fọ́tò, kò sí aṣọ rẹ̀ kan nílé. Bí Ìyá àgbà bá ti kírun àárọ̀ tán, ìdí igi yẹn ni wọ́n máa ń lọ dúró. Wọn kì í sọ nǹkan kan, wọ́n á kàn gbé ọwọ́ lé e fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á wá lọ dáná.

Lọ́jọ́ yẹn náà, mo wọ kíláàsì bàólọ́jì pẹ̀lú òógùn lójú. Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí, olùkọ́ wa, ti kó oríṣìíríṣìí ẹ̀ka igi sórí tábìlì.

“Ẹ máa bọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan,” ni wọ́n wí. “Ẹ fi èékánná ha èèpo rẹ̀, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀.”

A ha á, a gbóòórùn. Àbo wà níbẹ̀, èyí tí a máa ń ká èso rẹ̀ jẹ lójú ọ̀nà oko. Èèrù wà níbẹ̀, àti aríwó tí àwọn ìyá wa ń lọ̀ sínú ọbẹ̀. Ẹ̀rùjù wà níbẹ̀, òun ni kì í dá dúró, igi mìíràn ló ń lọ́ mọ́ gun òkè, èso rẹ̀ sì máa ń so ṣùù bí ọmọ ìka. Sáwásọ́ọ̀pù wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti ẹ̀ka igi màsíkérédì tó tò gbọọrọ níwájú ọ́fíìsì pírínsípà. Òórùn wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú gbogbo rẹ̀ tó jọra, nǹkan kan tó ta sí ni nímú.

“Ẹbí kan náà ni gbogbo wọn, tòun ti awọ́pa tí kò sí níbí,” ni Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí wí.

“Sà, màsíkérédì àti èèrù inú ọbẹ̀?” ọmọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

“Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan bá wa nílé, òkun ni àwọn kan gbà wá. Íńdíà ni màsíkérédì ti wá, Amẹ́ríkà ni sáwásọ́ọ̀pù ti wá. Ẹ wo òdòdó wọn, ẹ ó rí i pé ìyá kan ló bí wọn.”

Wọ́n wá sọ ìdí ọ̀rọ̀. Àfihàn kan yóò wáyé ní yunifásítì kan ní Ìlíṣàn ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ilé-ìwé mẹ́wàá ni yóò wá, ẹbí igi kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì pín fún ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹbí àbo ló bọ́ sí wa lọ́wọ́. Èmi àti Àyànfẹ́ ni wọ́n yàn láti ṣojú ilé-ìwé wa.

Àyànfẹ́ ni ọ̀rẹ́ mi. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní láíbìrì yunifásítì, ọmọ ìjọ Adventist ni wọ́n, tó bá di Sátidé kò sí ohun tó lè mú Àyànfẹ́ jáde nílé àfi ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ tó fara balẹ̀ ni. Bó bá ń fa ìlà, á wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Èmi á ti fà á tán, á ti wọ́.

“A ó to ẹ̀ka igi náà, a ó kọ orúkọ wọn síwájú rẹ̀,” ni Àyànfẹ́ wí.

“Háà! Ẹ̀ka igi lórí tábìlì, ta ni yóò wò ó?” mo ní. “Jẹ́ ká fi awọ́pa rẹ aṣọ. Ẹbí kan náà lòun náà wà, Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí sọ bẹ́ẹ̀. Inú èèpo rẹ̀ yẹ́lò bí àtalẹ̀ pupa. Ká fi aṣọ yẹ́lò bo tábìlì látòkè délẹ̀, kí ojú gbogbo ènìyàn lè wá sọ́dọ̀ wa.”

Ojú Àyànfẹ́ tàn. Mo mọ̀ pé mo ti mú un.

Ìyá àgbà fún mi ní èyí tó ṣẹ́kù nínú èèpo tí wọ́n gé. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a sè é nínú ìkòkò lẹ́yìn kíláàsì, a ki ọ̀pá aṣọ mẹ́rin bọ̀ ọ́. Nígbà tí a yọ ọ́, ó dà bí aṣọ funfun tí wọ́n ṣèèṣì fọ̀ pọ̀ mọ́ aṣọ aláwọ̀. Àánú ara mi ṣe mí.

“Ó kéré,” ni Àyànfẹ́ wí. “Èèpo tó tó ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn la nílò. Ká fi sílẹ̀.”

“Ká fi kí ni sílẹ̀? Mà á bá Ìyá àgbà sọ̀rọ̀.”

Mi ò bá wọn sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tí wọn yóò sọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí mo ti ilé-ìwé dé, Ìyá àgbà ti lọ kí àwọn òbí mi ní Ṣàgámù, ilé dá. Mo bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, mo mú ọ̀bẹ ìdáná, mo lọ sẹ́yìnkùlé.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú kò ti ní tètè dé. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, omi wà lára igi, èèpo náà kàn ń ṣí wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀ ni. Mo gé àtẹ́lẹwọ́ kan. Mo wò ó, kò tó. Mo gé òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo wá ro ó nínú ara mi pé, bí mo bá gé ojú kan kó tóbi gbàǹgbà, igi náà á fara pa jù níbẹ̀, Ìyá àgbà á sì rí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá gé e tẹ́ẹ́rẹ́ yí ká bí ìgbànú, gbogbo ẹ̀gbẹ́ á jọ pín ìyà náà jẹ. Lójú mi, àánú ni mo ń ṣe fún un. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n orí mi!

Nígbà tí ojú ọ̀bẹ padà dé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, tí èèpo tó kẹ́yìn já, igi náà dúró níhòòhò níbẹ̀, ó ń dán, ó tutù, ó yẹ́lò rokoṣo. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò mọ ìdí rẹ̀. Mo po ẹrẹ̀, mo fi rẹ́ ojú egbò náà yí ká, mo fi imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ bò ó. Mo di èèpo sínú àpò, mo gbá ilẹ̀.

“Ṣé Ìyá àgbà gbà?” Àyànfẹ́ bi mí lọ́jọ́ kejì.

“Àwọn fúnra wọn ló ní kí n gé e,” mo dá a lóhùn. Irọ́ náà yọ́ jáde lẹ́nu mi bí ẹni ń kí ènìyàn káàárọ̀.

Aṣọ náà yọ! Ní Ọjọ́bọ̀, nínú gbọ̀ngàn ńlá ní Ìlíṣàn, tábìlì wa ló ń tàn jù. Yẹ́lò ni látòkè délẹ̀. Lórí rẹ̀ ni Àyànfẹ́ to èèrù, àbo, aríwó àti sáwásọ́ọ̀pù sí, ó fi ẹ̀rùjù lọ́ mọ́ ọ̀pá kan kó lè hàn pé bó ṣe máa ń gun igi nìyẹn. Àwọn ènìyàn ń wá, wọ́n ń fọwọ́ kan aṣọ, wọ́n ń ya fọ́tò. Mo ń sọ̀rọ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, orí mi ti wú.

Dókítà Ṣọlápé ló wá bu omi tútù sí mi lára. Obìnrin náà ni olùkọ́ àgbà tó ń fún wa ní máàkì, ó kúrú, ó ní ìgò ojú ńlá. Ó gbé etí aṣọ náà sókè, ó wò ó dáadáa.

“Iṣẹ́ yín dára. Níbo lẹ ti rí èèpo tó pọ̀ tó báyìí?”

Mi ò tíì dáhùn tó fi yíjú sí àwọn ọmọ tó pé jọ. “Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ o. Oúnjẹ tí ewé ń sè, inú èèpo ló ń gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ bá gbòǹgbò. Bí ènìyàn bá gé èèpo lójú kan, oúnjẹ á gba ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá gé e yí ká, kódà kó tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀nà ti dí pátá. Ebi ni yóò pa gbòǹgbò náà kú. Ewé á ṣì máa tutù fún oṣù mélòó kan, ẹni tó gé e á máa wí pé kò ṣe é ní nǹkan kan. Ó ti ń kú nígbà yẹn.”

Ohun tí Ìyá àgbà ń sọ nígbà tí mo sáré lọ nìyẹn. Ohun tí mi ò gbọ́dọ̀ ṣe láéláé.

“Níbo lẹ ti rí tiyín?” Dókítà Ṣọlápé tún bi mí.

“Igi tó wó ni, mà.”

Àyànfẹ́ yíjú wò mí.

“Ọpẹ́ ni,” ni obìnrin náà wí. “Ká ní èyí tó wà lóòró ni, ǹ bá ní kẹ́ ẹ sáré. Wọ́n lè fi ẹ̀ka tútù ṣe afárá lórí egbò náà, kí oúnjẹ lè gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n kí egbò tó gbẹ ni o. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá, ìrètí ń dín kù.”

A gba ipò kìíní. Wọ́n fún ilé-ìwé wa ní maikirosíkóòpù tuntun, Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí gbá wa mọ́ra. Nínú bọ́ọ̀sì, Àyànfẹ́ bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Igi tó wó kẹ̀? Ṣebí o ní Ìyá àgbà ló ní kí o gé e?” Mo ní ẹ̀rù ló bà mí níwájú àwọn ènìyàn. Ó kọjú sí fèrèsé.

Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ kẹta ti ń lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, mo wọ kíláàsì, mo jáde. Mo jókòó, mo dìde. Mo lọ sídìí igi náà lẹ́ẹ̀mẹrin kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo gbé ojú sókè, ewé rẹ̀ tutù mínijọ̀jọ̀, mo sì ń sọ fún ara mi pé kò ṣe é ní nǹkan kan. Gbólóhùn tí Dókítà Ṣọlápé ní wọ́n máa ń sọ gan-an ni. Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo la ẹnu láti sọ fún Ìyá àgbà.

“Ìyá àgbà...”

“Kí ló dé?”

“Ọbẹ̀ yìí mà dùn o.”

Wọ́n wò mí kọ̀rọ̀. “O ò tíì tọ́ ọ wò.”

Kí ni mo ń bẹ̀rù? Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo ń bẹ̀rù ojú wọn. Mo sì ń ro maikirosíkóòpù yẹn, bí pírínsípà ti pe orúkọ mi ní àsẹ́ńbílì, bí wọ́n ti pàtẹ́wọ́. Mo ní kí n jẹ́ kó di ọ̀la. Ọ̀la dé, mo tún ní kó di ọ̀túnla.

Òjò ńlá rọ̀ ní Sátidé. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Ìyá àgbà kírun tán, wọ́n jáde sẹ́yìnkùlé. Inú ilé ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ igbe wọn. Òjò ti fọ ẹrẹ̀ náà nù, imọ̀ ọ̀pẹ ti ṣubú. Ìyá àgbà kúnlẹ̀ sínú omi òjò, wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì wá ibi tí èèpo ti ṣẹ́kù yí ká igi náà. Kò ṣẹ́kù níbì kankan.

“Yéè! Wọ́n ti pa á! Wọ́n ti pa á fún mi o!”

Mi ò rí i kí wọ́n sunkún báyìí rí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi kò mì.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Bàbá Mákánjúọlá tó jẹ́ olórí ilé wa ti dé, àwọn aládùúgbò ti pé. Orúkọ kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn: Àdìsá. Àdìsá jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣa èèpo àti gbòǹgbò igi nínú igbó, tó ń kó o lọ fún àwọn alágbo ní Ṣàgámù. Oṣù tó kọjá ló wá tọrọ èèpo awọ́pa, Ìyá àgbà sì ní àwọn kì í fi tiwọn tajà. Wọ́n rán ènìyàn lọ pè é. Ó dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ léjìká.

“Àdìsá, kí lo fi èyí ṣe?” ni Bàbá Mákánjúọlá bi í.

Àdìsá wo igi náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ ojú egbò náà yí po, mo sì rí i pé inú bí i gidi.

“Bàbá, ẹ dákun, ara igi ni mo ti ń jẹun. Ṣé ẹni tó ń tibẹ̀ jẹun ló máa gé e yí ká? Ẹ wo bó ṣe rí jákujàku. Ọ̀bẹ tí ojú rẹ̀ ti kú ni wọ́n fi gé e. Ẹ wo ìsàlẹ̀ tó wà. Ẹni tó gé e kò mọ nǹkan kan nípa igi.”

“Ta ni kó wá jẹ́? Àwa ni?” obìnrin kan ké mọ́ ọn.

Bàbá Mákánjúọlá gbọn orí. “Láti òní lọ, a ò fẹ́ rí ẹsẹ̀ rẹ nínú igbó wa mọ́. Mà á ránṣẹ́ sí àwọn ilé tó kù pẹ̀lú. Gbé ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀ níbẹ̀.”

Igbó yẹn ni Àdìsá fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ó yọ ọ̀bẹ rẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀. Ó wo Ìyá àgbà.

“Ìyá, ẹ mọ̀ mí. Mi ò ṣe é.”

Ìyá àgbà kò wò ó. Ojú wọn ṣì wà lára igi.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dé àárín wọn. Mo kàn gbọ́ ohùn ara mi ni.

“Èmi ni! Èmi ni mo gé e! Ẹ fún un ní ọ̀bẹ rẹ̀, èmi ni!”

Bàbá Mákánjúọlá ní kí n má fi ọ̀rọ̀ àgbà ṣeré. Mo sáré wọlé, mo mú ọ̀bẹ ìdáná wá, mo fi hàn wọ́n bí ẹrẹ̀ ṣe gbẹ mọ́ èèkù rẹ̀. Mo sọ ti aṣọ, mo sọ ti Ìlíṣàn, mo sọ irọ́ méjèèjì tí mo pa. Mo ń sunkún, imú mi ń dà.

Mo rò pé Ìyá àgbà á gbá mi létí. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n gbá mi. Wọ́n kàn bi mí pé, “Ọjọ́ wo?”

“Ìṣẹ́gun, mà. Wọ́n ní a lè fi ẹ̀ka tútù ṣe afárá fún un. Kí egbò tó gbẹ ni.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Dókítà kan ní Ìlíṣàn. Ní Ọjọ́bọ̀.”

“O ti mọ̀ láti Ọjọ́bọ̀.” Wọn ò pariwo. Ohùn wọn rẹlẹ̀ gan-an. “Láti Ọjọ́bọ̀ lo ti ń bá mi jẹun, tó o ń yin ọbẹ̀.”

Kò sí ìyà tí ẹnikẹ́ni ti fi jẹ mí rí tó dùn mí tó gbólóhùn yẹn.

Mo fi fóònù Bàbá Mákánjúọlá pe Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí. Wọ́n gun ọ̀kadà dé láàárín ogún ìṣẹ́jú, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti kúrò, agbádá ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n wo egbò náà, wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní àwọn nílò ọ̀bẹ tó mú bí abẹ. Àdìsá nìkan ló ní irú rẹ̀.

Ó yẹ kí Àdìsá máa lọ sílé rẹ̀ nígbà yẹn, kò sì sẹ́ni tí ì bá bá a wí. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Òun ló gun igi náà, òun ló yan ẹ̀ka tó tutù, tó tóbi tó ìka ọwọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí gé orí àti ìdí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan dàgẹ̀rẹ̀ lápá kan, wọ́n ki ìdí rẹ̀ bọ abẹ́ èèpo ìsàlẹ̀ egbò, wọ́n ki orí rẹ̀ bọ abẹ́ èèpo òkè. Mẹ́jọ ni wọ́n fi yí igi náà ká. A fi rọ́bà táyà dì í pinpin, a yọ́ àbẹ́là, a fi dí ojú rẹ̀. Èmi ni mo ń di àbẹ́là mú. Ó ta sí mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sọ fún ẹnì kan.

“Ká ní Ọjọ́rú lẹ pè mí,” ni Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí wí, “mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Ọjọ́ kẹfà lòní, mi ò mọ̀.”

Bàbá Mákánjúọlá bẹ Àdìsá níwájú gbogbo wa. Ìyá àgbà kúnlẹ̀ fún un. Àgbàlagbà bíi tiwọn! Àdìsá fò sẹ́yìn, ó ń pariwo pé kí wọ́n dìde. Ìyà tèmi ni wọ́n ń jẹ, mo sì ń wò wọ́n.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún pírínsípà. Ilé-ìwé dá maikirosíkóòpù padà sí Ìlíṣàn, wọ́n fún ilé-ìwé tó gba ipò kejì. Wọ́n sọ ìdí rẹ̀ ní àsẹ́ńbílì, wọn ò dárúkọ mi, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀? Àyànfẹ́ kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

“Ká ní o sọ fún mi pé wọn ò gbà, ǹ bá ti rí nǹkan mìíràn ṣe sí tábìlì yẹn,” ló wí nígbà tó wá la ẹnu. “O kò tiẹ̀ jẹ́ kí n yàn fúnra mi.”

Ìyá àgbà gbé àpótí kékeré kan sídìí igi náà. Àràárọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ jókòó lórí rẹ̀ kí n tó lọ sílé-ìwé, kí n wo ẹ̀ka mẹ́jọ náà, kí n sì wá jíṣẹ́. Èmi, jókòó! Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó dà bí ẹni pé èèrà ń rìn lára mi. Ẹ̀ka àkọ́kọ́ gbẹ ní ọjọ́ kẹsàn-án. Èkejì tẹ̀ lé e. Mo ń jíṣẹ́, Ìyá àgbà ń ní “Mo gbọ́.” Kí oṣù méjì tó pé, mẹ́fà ti gbẹ kanrangandan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí, méjì tutù.

Lọ́jọ́ kan nínú òjò oṣù kẹfà, mo rí i tí ọ̀kan nínú méjèèjì wú díẹ̀. Ọ̀nà oúnjẹ ti là. Mo sáré wọlé, mo fẹ́ pariwo, ẹkún ló bọ́ lẹ́nu mi. Ìyá àgbà tẹ̀ lé mi jáde, wọ́n fọwọ́ kàn án. Wọ́n wá gbé ọwọ́ kejì lé mi lórí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ Àìkú yẹn.

Igi náà kò kú, ṣùgbọ́n kò dà bí tẹ́lẹ̀ mọ́. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ti ń yọ ti gbẹ, Àdìsá ló bá wa rẹ́ ẹ kúrò. Ẹ̀gbẹ́ kan ló kù tó ń rú ewé. Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí ní kí ẹnikẹ́ni má gé èèpo rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, ó kéré tán. Bí àwọn aládùúgbò bá gbé abọ́ dé, Ìyá àgbà á ní, “Ara igi wa kò yá, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.” Wọn kì í wojú mi bí wọ́n bá ń sọ ọ́. Èmi náà kì í lè wojú tiwọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Sàrátù, ọmọ ilé kejì tí ibà ń ṣe níjọ́sí, bá mi lórí àpótí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé ojú kan.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí igi yín fi ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un. Mo ti dé ibi àtẹ́lẹwọ́ kan nígbà tí àwọn ọmọ pè é láti ìta. Ó ti fò dìde.

“Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n! Àtẹ́lẹwọ́ kan!”

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo rí ara mi gbangba.

“Dúró,” mo wí. “N kò tíì sọ̀rọ̀ tán.”

Ó dúró. Mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: pé kí ojú ọ̀bẹ má yí igi po láéláé, pé bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, kó dúró gbọ́ ọ parí, nítorí ìparí rẹ̀ lè jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà, pé bó bá sì ṣe àṣìṣe, kó sọ ọ́ lọ́jọ́ tó ṣe é, kó má jẹ́ kó di ọ̀la. Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo fi lé ẹ̀ka afárá mẹ́fà tó gbẹ mọ́ ara igi náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Ìwọ̀nyí,” mo ní, “ni ọjọ́ tí mo fi dákẹ́.”